Àǹtí Sẹ̀kírítẹ́rì: ohun tí ojú mi rí nídìí ẹgbẹ́ àwọn onílé ìwòsàn n'Íbàdàn

Ẹ jọ̀ọ́, èmi kì í ṣe dókítà o. Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí láti ìgbà tí mo ti di akọ̀wé àgbà fún ẹgbẹ́ àwọn tó ni ilé ìwòsàn àdáni àti ilé ìgbẹ̀bí n'Íbàdàn níbí, kò síbi tí mo dé tí wọn kì í pè mí ní dókítà, kódà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, bí ẹnì kan bá dákú, èmi ni wọ́n á máa wá kiri. Èmi tí mo ka akáǹtì ní Poli Ìbàdàn! Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn, Àǹtí Sẹ̀kírítẹ́rì ni wọ́n ń pè mí, àtẹni tó jù mí lọ àtẹni tí mo lè bí lọ́mọ, orúkọ náà ti mọ́ mi lára débi pé bí ẹ bá fi orúkọ mi gangan pè mí ní Mókọ́lá, mo lè má wẹ̀yìn.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ni mò ń ṣe gan-an. Ṣé iṣẹ́ ìjọba ni? Rárá. Ṣé NGO ni? Ó jọ ọ́, àmọ́ kì í ṣe é tán. Ẹgbẹ́ ni. Àwọn tó ní ilé ìwòsàn kéékèèké, oníbẹ́ẹ̀dì mẹ́fà, oníbẹ́ẹ̀dì mẹ́wàá, àwọn nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ní ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ tàbí ní UCH tí wọ́n wá fi iwájú ilé ara wọn ṣe ilé ìgbẹ̀bí, àwọn ni wọ́n kóra jọ tí wọ́n ní àwọn fẹ́ máa fi ohùn kan sọ̀rọ̀. UCH ti wà láti 1957 lóòótọ́, àmọ́ bí ìrọbí bá mú obìnrin lóru ní ìdí Bẹẹrẹ, ọ̀dọ̀ àwọn wa ló ń kọ́kọ́ sá lọ. Ẹgbẹ́ náà kì í pín èrè, owó tó bá wọlé, iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe. Wọ́n á dìbò yan alága, akápò àtàwọn yòókù, àwọn yẹn ò gbowó oṣù, kálukú ní ibi tó ti ń jẹun. Wọ́n á wá gba ẹnì kan síṣẹ́ tó máa jókòó sí ọ́fíìsì látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tó máa kọ lẹ́tà, tó máa pe ìpàdé, tó máa gbowó, tó máa lọ bá ìjọba sọ̀rọ̀ ní Sẹkitéríàtì ní Agodi, tí wọ́n á tún máa bú bí mínírà ò bá tutù níbi ìpàdé. Ẹni yẹn lèmi.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ owó ni kó kọ́kọ́ wádìí. Kì í ṣe owó oṣù tiẹ̀ o, a ń bọ̀ lórí ìyẹn, owó ẹgbẹ́ ni mò ń wí. Ibo lowó ti ń wọlé? Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì wa, yàrá kan lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Mókọ́lá tí ẹni tó ń ta páànù wà nísàlẹ̀ ẹ̀, mo bá ìwé ńlá kan tí orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Mo ní háà, ẹgbẹ́ yìí mà tóbi o. Ìgbà tí mo wá fi ìka tọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan tí mò ń wá ẹni tó san dúúsì, owó tí ọmọ ẹgbẹ́ ń dá, lọ́dún yẹn, mo rọra pa ìwé náà dé. Onílé ń wá wa. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi ti bínú lọ, wọ́n ṣì jẹ ẹ́ lówó. Síbẹ̀, gbogbo ìpàdé tí wọ́n bá ṣe, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n á fi kádìí ẹ̀: ká kọ̀wé sí òyìnbó kó fún wa lówó.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ n kọ́kọ́ lọ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nílé wọn ná.

Màmá kan wà ní Ọjẹ́. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni wọ́n, wọ́n ti pẹ́ tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ilé ìgbẹ̀bí wọn ò ju yàrá mẹ́ta lọ, àmọ́ gbogbo àdúgbò ló mọ̀ wọ́n, àwọn ọmọ tí wọ́n gbẹ̀bí wọn ti ń wá bímọ sọ́dọ̀ wọn. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ káàsán mà, dúúsì ni mo bá wá. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Àǹtí Sẹ̀kírítẹ́rì, jókòó. Lọ́jọ́ tí àwọn ará ìjọba wá lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn mi pé àwọn ti tì mí pa, mo pe ẹgbẹ́, mo pè títí. Ta lẹ rán wá?" Kí ni mo fẹ́ wí? Mi ò tíì débẹ̀ nígbà tí ìyẹn ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kí ló kàn wọ́n níbẹ̀, èmi tí mo kúnlẹ̀ síwájú wọn yìí ni ẹgbẹ́. Mo ní mà, kí ni wọ́n ní ẹ ò ṣe? Wọ́n fa fáìlì kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìwé àṣẹ tí wọn ò tíì sọ dọ̀tun ni, àti pé wọn ò ní àpótí tí wọ́n ń ju abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò sí. Àpótí náà ò ju páálí yẹ́lò líle yẹn lọ o! A jọ kọ lẹ́tà lọ́sàn-án yẹn, mo mú un dání lọ sí Agodi, mo bá wọn tẹ̀ lé e títí tí ìwé fi jáde.

Ìgbà tí mo padà lọ, mi ò tíì dárúkọ dúúsì tí wọ́n ti nawọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Wọ́n tú ọ̀rá dúdú kan, igba náírà, ọgọ́rùn-ún náírà, òmíì ti rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Wọ́n kà á, wọ́n tún un kà, wọ́n ní kí n kà á lójú àwọn. Mo gbé ìwé rìsíìtì lé orúnkún kọ ọ́ fún wọn. Wọ́n ní ó tì o, kí n tún kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri, kí n sáìn ín, torí bébà máa ń sọnù, kò sì sẹ́ni tó máa jí kàlẹ́ńdà kí ọdún tó parí. Mo sáìn ín. Màmá yìí ló padà wá ń bá wa gba dúúsì láti Ọjẹ́ títí dé Yemẹtù, kò sì sí dókítà náà, bó ti wù kó kàwé tó, tó lè wo ojú wọn kó ní òun ò lówó lọ́wọ́.

Ohun tó yé mi níbẹ̀ ni pé èèyàn kì í san dúúsì torí pé ẹgbẹ́ ń jẹ́ ẹgbẹ́ ńlá. Torí ọjọ́ tí wọ́n bá wá ti ilẹ̀kùn ẹ̀ ló ṣe ń san án. Tí o bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, á san. Tó ò bá sí níbẹ̀, kò sí sẹ̀mínà tó o lè ṣe tó máa wọ̀ ọ́ létí. A wá pín Ìbàdàn sí àdúgbò àdúgbò, Ìwó Road lọ́tọ̀, Mólété àti Challenge lọ́tọ̀, Àpáta, Sáńgo títí dé Mọ́níyà, a yan ẹnì kọ̀ọ̀kan tí àwọn tó kù níbẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún, kì í ṣe ẹni tó lówó jù o, ẹni tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún. Nǹkan méjì yẹn yàtọ̀ síra gan-an n'Íbàdàn.

Owó dúúsì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, díẹ̀díẹ̀. Kí la fẹ́ fi ṣe? Àwọn kan ní ká ra bọ́ọ̀sì. Èmi ní ká jọ máa ra ọjà pa pọ̀. Kì í ṣe ọgbọ́n orí mi, àwọn ilé ìwòsàn ìjọ Kristẹni ti ń ṣe é tipẹ́, CHAN, ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973, ní ẹ̀ka tó ń bá wọn wá oògùn, mo kàn wò ó pé bó bá ṣe é ṣe fún odidi Nàìjíríà, ó yẹ kó ṣe é ṣe fún Ìbàdàn. Ìbọ̀wọ́, òwú, sírínjì, ó yàtọ̀ pátápátá tí ogójì ilé ìwòsàn bá jọ ná an lẹ́ẹ̀kan náà sí ìgbà tí kálukú bá lọ ná tiẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ẹ̀ ni ti oxytocin. Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, kí ẹ̀jẹ̀ má baà máa ya lára ẹ̀. Inú òtútù ló gbọ́dọ̀ wà, ìwọ̀n 2 sí 8 Celsius. Ẹ wá bá mi rò ó, ilé ìgbẹ̀bí tó jẹ́ pé iná wákàtí díẹ̀ ni wọ́n ń rí lóòjọ́, tí kò lágbára epo jẹnẹrétọ̀, ibo ni kó gbé e sí? Àwọn míì ń fi yìnyín sínú kúlà. Yìnyín á yọ́. Oògùn náà á ṣì wà nínú ìgò, á mọ́ kedere, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé agbára ẹ̀ ti lọ títí dìgbà tí wọ́n bá fún ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ò sì dúró. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti fọwọ́ sí òmíì láti 2018, carbetocin tí ooru kì í tètè bà jẹ́, ó dáa, àmọ́ oxytocin lèyí táwọn èèyàn wa ń rí rà. Fíríìjì sólà la wá fi sí ilé ìwòsàn kan ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, oògùn ẹgbẹ́ á wà níbẹ̀, àwọn tó wà nítòsí á máa wá mú ìwọ̀nba tí wọ́n máa lò. Ẹ̀yin ò mọ ìjà tí mo jà kí wọ́n tó gbà! Torí ẹni tó máa wá mú oògùn àti ẹni tí fíríìjì wà lọ́dọ̀ ẹ̀, oníbàárà kan náà ni wọ́n jọ ń dù lójú títì kan náà. Ọ̀kan sọ lójú mi pé òun ò lè máa rán nọ́ọ̀sì òun lọ sílé ẹni tó ń gba aláboyún òun. Mátírónì kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló dá a lóhùn, ó ní "Dókítà, ṣé aláboyún tó bá kú, ọ̀dọ̀ yín ló máa padà wá ni?" Ọ̀rọ̀ parí.

Ẹ má rò pé mo kórìíra owó òyìnbó o. Òun la fi ra àwọn fíríìjì yẹn, mi ò ní parọ́. Wàhálà ẹ̀ ni ohun tó ń ṣe fún ọkàn àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Pírójẹ́ẹ̀tì ńlá kan dé bá wa nígbà kan, wọ́n fún wa ní mọ́tò tí wọ́n lẹ sítíkà mọ́ lára, wọ́n gba àwọn òṣìṣẹ́ pírójẹ́ẹ̀tì tí owó oṣù wọn ju tèmi lọ ní ìlọ́po, ó di pé bí mo bá pe ọmọ ẹgbẹ́ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ohun tó máa kọ́kọ́ bèèrè ni èló ni owó ọkọ̀. Dúúsì wá lọ sílẹ̀ wìì. Mo lọ bá ẹnì kan ní Ring Road, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní "Àǹtí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọ jíìpù, ẹ tún wá gbowó lọ́wọ́ èmi?" Kí ni mo fẹ́ sọ? Owó pírójẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti dárúkọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe, kọ́bọ̀ ẹ̀ ò gbọdọ̀ san owó ilé, kò gbọdọ̀ san owó iná. Ìgbà tí pírójẹ́ẹ̀tì parí, àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ lọ, mọ́tò dúró síwájú ọ́fíìsì títí táyà ẹ̀ fi rọ̀ mọ́lẹ̀, ẹni tó ń ta páànù ń sá aṣọ lé e. Bí mo ṣe tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ilé dé ilé nìyẹn, ìgbà kejì yẹn sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìgbà tí ọdún 2025 wá dé, tí Trump buwọ́ lu àṣẹ ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní pé kí owó ìrànwọ́ Amẹ́ríkà fún ilẹ̀ òkèèrè dúró fún 90 ọjọ́ ná, tí ìyẹn wá di ohun tí gbogbo wa rí, mo mọ àwọn tá a jọ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí tí wọ́n dé ọ́fíìsì láàárọ̀ tí wọ́n ní kí wọ́n kó ẹrù wọn. Àwọn tó mọ iṣẹ́ jù mí lọ wà nínú wọn. Tiwa ò mì, kì í ṣe pé a gbọ́n, ẹgbẹ́ wa kéré ni, owó dúúsì ni a fi ń jẹun, kò sẹ́ni ní Washington tó mọ̀ pé a wà láyé.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ àwọn alága. Alága ni ọ̀gá rẹ, ṣùgbọ́n alága á lọ, ìwọ á ṣẹ́kù. Ọdún méjì méjì ni tiwa. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé á fẹ́ káyé mọ̀ pé òun dé, á ní ká yí lógò padà, á ní ká ṣe kàlẹ́ńdà tí fọ́tò òun máa gba iwájú. Ẹ ṣe kàlẹ́ńdà fún un jàre, kò wọ́n. Ibi tẹ́ ẹ ti máa dúró ni ìgbà tó bá nawọ́ sí owó tí wọ́n ti fún níṣẹ́. Bàbá kan jẹ alága wa rí, ẹni ọ̀wọ̀ ni wọ́n, wọ́n tó bàbá mi, wọ́n wá sí ọ́fíìsì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé àwọn fẹ́ yá díẹ̀ nínú owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fi lọ sí kọ́fúrẹ́ǹsì lókè òkun, wọ́n á dá a padà. N'Íbàdàn níbí, ta ló máa wo ojú bàbá tó tó bàbá ẹ̀ kó ní rárá? Mo ní, "Ẹ kú ìmúra sà, ìrìn àjò náà á yọrí sí rere. Ẹ jẹ́ ká fi tó akápò létí lọ́la, kó lè wà nínú mínítì ìpàdé." Wọ́n wò mí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, o burú." Wọn ò tún dárúkọ ẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi gbé ipò sílẹ̀, àwa méjèèjì sì ń bára wa ṣeré dòní. Ká ní mo pariwo ni, ó di adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Nítorí náà mínítì. Ẹ kọ ọ́ kílẹ̀ tó mọ́. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá, gbogbo ẹni tó wà ní ìpàdé á ti gbàgbé ohun tó sọ, á sì búra lórí ohun tí kò sọ. Ẹ jẹ́ kí èèyàn mẹ́ta lè sáìn ṣẹ́ẹ̀kì, kí méjì nínú wọn sáìn ín kó tó jáde, kí ìwọ akọ̀wé má sì sí nínú wọn, ẹ̀yin náà á sùn dáadáa. Òfin gan-an ò fàyè gba àwàdà mọ́. Ẹgbẹ́ tó bá forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, òfin CAMA 2020 ló ń darí ẹ̀, section 839 ibẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí dídá àwọn trustee, àwọn alámòójútó ẹgbẹ́, dúró tí ìṣàkóso ò bá mọ́. SCUML náà wà, ẹ̀ka tó ń ṣọ́ ọ kí wọ́n má baà fi ẹgbẹ́ fọ owó ìdọ̀tí, tó wà lábẹ́ EFCC, ẹ lọ gba ìwé ẹ̀ kí báńkì tó bi yín.

Tó bá jẹ́ ti ọ̀rọ̀ ìjọba, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa ń fẹ́ ká lọ bú wọn lórí rédíò. Inú máa ń bí wọn, ó sì tọ́ kó bí wọn. Ẹ wo owó tí ìṣètò adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀ ń san fún ilé ìwòsàn lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó forúkọ sílẹ̀ lóṣù, NHIS tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005 tó di NHIA lábẹ́ òfin 2022: 750 náírà ló jókòó sí fún ohun tó ju ọdún mẹ́wàá lọ, ìgbà tí wọ́n fi máa sún un sí 1,450, ọdún 2025 ti dé, ohun gbogbo ti gbówó lórí kọjá àfẹnusọ. Rédíò dùn ún lọ lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó wà nídìí fáìlì ní Agodi tàbí l'Ábújà kì í gbọ́ rédíò yẹn. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń sọ fún wọn pé ẹ mú rìsíìtì epo dísẹ́ẹ̀lì yín wá, ẹ mú ti òwú wá, ẹ mú ti nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ ń sanwó fún wá, mo ń tò ó sórí bébà kan ṣoṣo. Ojú ewé kan. Wọn kì í ka ojú ewé kejì. Kí ẹ sì mọ orúkọ ẹni tó ń gbé fáìlì kiri ní ọ́fíìsì yẹn, kí ẹ máa kí i ní ọdún iléyá àti kérésì, ìwé yín ò ní sọnù.

Ó wá ku ti owó oṣù tí mo ní a ń bọ̀ lórí ẹ̀. Ẹ̀yin ọmọdé tẹ́ ẹ ń béèrè lọ́wọ́ mi pé ẹ fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu gbà á. Àwọn èèyàn ẹgbẹ́ á máa pè yín ní ọmọ wa, ìdílé kan ni wá, wọ́n sì ní in lọ́kàn o, àmọ́ alága tó sọ bẹ́ẹ̀ á ti lọ lọ́dún méjì. Lẹ́tà ni kí ẹ gbà, kí iye wà níbẹ̀, kí ẹni tẹ́ ẹ máa jábọ̀ fún wà níbẹ̀. Kí ẹ sì bèèrè pẹ́ńṣọ̀n. Òfin pẹ́ńṣọ̀n 2014 sọ pé kí agbanisíṣẹ́ fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún sí i, kí òṣìṣẹ́ fi ìdá 8, ṣùgbọ́n àwọn iléeṣẹ́ aládàáni tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè ló mú ní dandan, ẹgbẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́ta lè ní kò kan àwọn. Èmi ní kí wọ́n kọ ọ́ sí lẹ́tà mi bẹ́ẹ̀ náà. Akápò ìgbà yẹn bi mí pé ṣé mo fẹ́ dàgbà sídìí iṣẹ́ yìí ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, ó sì sáìn ín.